Dídà Jiaobei: Bí A Ṣe Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Lọ́wọ́ Òrìṣà Nínú Tẹ́ḿpìlì Tao

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń kan etí ẹni tó bá wọ tẹ́ḿpìlì ẹ̀sìn Tao, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà, ní Táíwánì ni ìró igi lórí òkúta: kó, kó, kó, láti igun kan dé ìkejì. Nǹkan kan kò já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Igi pupa méjì tí wọ́n gbẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni wọ́n ń dà sílẹ̀, bó bá sì ṣe sùn sílẹ̀ ni òrìṣà ṣe dáhùn. Jiaobei lorúkọ igi náà lédè Mandarin. Àwọn ará Táíwánì tó ń sọ èdè tí baba ńlá wọn gbé wá láti Fujian, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà, a máa pè é ní "bwe".

Ẹni tó bá ti mọ obì í dà yóò rò pé òun mọ èyí náà tán. Ó mọ ìdajì ni. Ìdajì yòókù ló máa ṣì í lọ́nà, torí àmì kan tó jẹ́ ayọ̀ nínú obì, ẹ̀rín lásán ló jẹ́ níbí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dídà á kò le. Ìbéèrè ló le. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé òrìṣà ò dá òun lóhùn, ìbéèrè ẹlẹ́nu méjì ló gbé wá síwájú rẹ̀.

Ìṣe ti Táíwánì la tẹ̀ lé nísàlẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ Fujian tó wà ní Malaysia àti Singapore náà ń da jiaobei. Ti Hong Kong yàtọ̀ díẹ̀, a ó sì sọ ibi tó ti yàtọ̀. Tẹ́ḿpìlì kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí pátákó ara ògiri bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kà níbí, ti pátákó ni kí ẹ ṣe.

Igi méjì, ojú mẹ́rin

Igi tàbí gbòǹgbò ọparun ni wọ́n fi ń gbẹ́ jiaobei. Wọ́n sábà máa ń kùn ún ní ọ̀dà pupa, èyí tó sì wọ́pọ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Apá kan rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, apá kejì yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Apá tó tẹ́jú la ó máa pè ní ojú, èyí tó yọ la ó máa pè ní ẹ̀yìn.

Ojú ni yang: ìmọ́lẹ̀, ooru, ọ̀run, akọ. Ẹ̀yìn ni yin: òjìji, òtútù, ilẹ̀, abo. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Lójú ẹlẹ́sìn Tao, ohun tó burú ni kí ọ̀kan wà kí èkejì má sí, torí ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni nǹkan ti ń bí. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní nílò láti há àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí:

– Ọ̀kan ṣíjú sókè, ọ̀kan dojú bolẹ̀: shengjiao. Yin àti yang ti pàdé. Òrìṣà gbà, bẹ́ẹ̀ ni.

– Méjèèjì ṣíjú sókè: xiaojiao, ìyẹn ẹ̀rín. Ẹ̀yìn tó yọ ló wà nílẹ̀, nítorí náà igi náà á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ẹ̀rín ń pa. Ìbéèrè kò yé òrìṣà ni, tàbí ẹ ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, tàbí àkókò kò tíì tó.

– Méjèèjì dojú bolẹ̀: yinjiao. Rárá. Òrìṣà kò fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn ń pè é ní jiao ìbínú.

Ibi tí ẹni tó mọ obì ti máa ń ṣìnà nìyí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí awẹ́ obì mẹ́rin bá ṣí méjì dé méjì, obì yàn. Ìyẹn bá shengjiao mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bí awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣíjú sókè, àlàáfíà ni, ara á tu gbogbo ilé. Bí jiaobei méjèèjì bá ṣíjú sókè, ẹ má tíì dìde jó.

Bí igi náà bá gún dáadáa, shengjiao á máa wá ní ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì. Mẹ́ta léra wọn á wá ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè mẹ́ta léra wọn fún ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹyọ kan rọrùn jù.

Kí ẹ tó dé iwájú òrìṣà

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú. Ti àárín, ti òrìṣà ni. Bí ẹ bá kọjú sí tẹ́ḿpìlì, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni ilẹ̀kùn dírágónì, ibẹ̀ ni ẹ ó gbà wọlé. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ni ilẹ̀kùn ẹkùn, ibẹ̀ ni ẹ ó gbà jáde. Àwọn àgbà wọn a máa sọ pé ọ̀fun dírágónì là ń gbà wọlé, ẹnu ẹkùn là ń gbà jáde. Pákó tàbí òkúta gíga tó dábùú ẹnu ọ̀nà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ má nàka sí ère òrìṣà. Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn ẹnìkejì yín, àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi tọ́ka sí i. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sábà wọlé títí àkókò ọ̀fọ̀ rẹ̀ á fi parí.

Ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 15 nínú oṣù, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń fi òṣùpá ka oṣù, ni èrò máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba ìfarabalẹ̀, kó yan ọjọ́ mìíràn, láàárọ̀, kí igi ẹlòmíràn má baà máa bọ́ mọ́ tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan dání, èso ló rọrùn jù: oríṣi mẹ́ta tàbí márùn-ún, kó má jẹ́ iye tó ṣe é pín sí méjì. Ìró orúkọ ni wọ́n fi ń yan púpọ̀ nínú wọn, bí àwọn tiwa ṣe ń fi orúkọ ewé pe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọfọ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó dára, torí orúkọ rẹ̀ lédè Táíwánì jọ "aásìkí ń bọ̀". Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèdánwò á gbé àlùbọ́sà eléwé lọ bá Wenchang, òrìṣà ìwé, torí orúkọ àlùbọ́sà náà jọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí làákàyè. Á fi celery kún un, torí orúkọ tirẹ̀ jọ aápọn. Á sì fi ẹ̀dà ìwé ìdánwò rẹ̀ sórí tábìlì kí òrìṣà lè rí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má gbé gúáfà tàbí tòmátò wá o. Hóró wọn máa ń gba inú èèyàn kọjá láìjẹrà, á tún lọ hù níbi tí kò mọ́, nítorí náà wọ́n kà á sí aláìmọ́. Nínú oṣù keje, tí iwin ń rìn kiri, ẹ má ṣe kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, plum àti pear pọ̀ sórí tábìlì kan: bí èèyàn bá pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, bí ẹni ń sọ pé "mo ní kí o máa bọ̀" ló ń dún. Ẹni tí ẹ pè lè jẹ́ ẹ.

Tùràrí

Igi tùràrí mẹ́ta ni wọ́n máa ń gún fún Sanqing, àwọn Mímọ́ Mẹ́ta tó ga jù nínú ẹ̀sìn náà. Laozi, ọlọ́gbọ́n àtijọ́ tí wọ́n sọ di òrìṣà, wà lára wọn. Torí èéfín, ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì ti dín in sí ẹyọ kan fún abọ́ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ḿpìlì Xingtian ní Taipei, níbi tí wọ́n ti ń bọ Guan Gong, ti kó abọ́ tùràrí àti tábìlì oúnjẹ kúrò pátápátá láti oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pàdé pọ̀ ti tó níbẹ̀. (Guan Gong yìí, olójú pupa, jagunjagun, kì í ṣe àjèjì sí ìdílé Ṣàngó. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Cuba ní 1847 gbé e dání débẹ̀, ó di San Fancón, àwọn ọmọ Lukumí, àtìrandíran Yorùbá ní Cuba, sì wò ó títí, wọ́n ní Ṣàngó ni.)

Níbi tí tùràrí bá ṣì wà, báyìí ni kí ẹ ṣe é:

Ẹ tàn án. Bí iná bá ń jó ṣòòrò lórí rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ pa. Ẹnu tó ń jẹ ẹran kò mọ́ tó. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ẹ. Bí èrò bá pọ̀, ẹ gbé e sókè kọjá orí, torí eérú gbígbóná tó bá bọ́ sọ́rùn ẹni iwájú lè dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀yìn sí òrìṣà, kí ẹ kọjú síta sí ojú sánmà. Kì í ṣe àfojúdi. Abọ́ tùràrí Yuhuang, ọba àwọn òrìṣà, ló wà níta, òun la sì ń kọ́kọ́ kí, bí èèyàn ò ṣe lè wọ ìlú kó kí ìjòyè ṣáájú ọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òrìṣà tó ni tẹ́ḿpìlì, lẹ́yìn náà àwọn tó wà lápá dírágónì, kí ẹ tó bọ́ sápá ẹkùn.

Ọwọ́ òsì ni ẹ ó fi gún tùràrí sínú abọ́. Ọmọ Yorùbá á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn níbí, torí a kì í fọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, àfi nínú ilédì Ògbóni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di ọ̀bẹ mú, òun ló ń pa ẹran, nítorí náà òsì ló mọ́. Ẹ gún un kó dúró ṣánṣán. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ gún ti àárín, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má ju ínǹṣì kan lọ. Tùràrí tó bá wọ́ á jó èkejì ní ìbàdí, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò sì bọ́ lé.

Ìbéèrè

Ẹ fara balẹ̀ síbí ju ibikíbi lọ.

Òrìṣà ní láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì ilé. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ ìbí yín nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá, ẹ sọ ti kàlẹ́ńdà òyìnbó, kí ẹ sì sọ pé ti òyìnbó ni. A máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ètè. Fún àpẹẹrẹ, níwájú Mazu, ìyá olómi tí wọ́n ní wọ́n bí ní erékùṣù Meizhou ní 960:

"Mazu, ìyá wa, èmi Lágbájá ni mo wá. Ọdún 1990 ni wọ́n bí mi, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ti òyìnbó. Mò ń gbé ní òpópónà báyìí, nọ́ńbà báyìí. Iléeṣẹ́ kan ní Taichung ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Bí mo bá gba iṣẹ́ náà kí oṣù yìí tó parí, ṣé yóò dára fún èmi àti ìdílé mi? Bó bá dára, ẹ fún mi ní shengjiao mẹ́ta."

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó sọ ìgbà. Ó sọ ohun tí bẹ́ẹ̀ ni yóò túmọ̀ sí. Ó sọ iye shengjiao tó ń retí kí ó tó da igi, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti rí ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn tí kò dára:

"Ṣé kí n gbà á àbí kí n dúró síbi tí mo wà?" Ẹlẹ́nu méjì. Bí shengjiao bá wá, èwo lòrìṣà gbà? Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

"Nígbà wo ni n ó lówó?" Igi méjì kò lè ka oṣù. Ó lè dáhùn "ṣé láàárín ọdún yìí ni?" Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, igi ìbò ló wà fún un, a ó dé ibẹ̀.

"Ṣé kò ní sí wàhálà bí mi ò bá lọ?" Èyí ló burú jù, ó sì rọ Yorùbá lọ́rùn láti sọ. Nínú èdè wa, bí wọ́n bá ní "ṣé o ò jẹun?", tí a dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni", a ò jẹun nìyẹn. Òyìnbó á dáhùn lọ́nà tó yàtọ̀. Bí ẹ bá fi "kò" méjì sínú ìbéèrè kan, bẹ́ẹ̀ ni àti rárá á lọ́ mọ́ra wọn, ẹ̀yin fúnra yín kò ní mọ ohun tí ẹ gbọ́ mọ́. Ẹ yọ gbogbo "kò" kúrò.

Ẹ má béèrè ohun tí ẹ ti pinnu. Ẹ má béèrè ohun tó jẹ́ iṣẹ́ dókítà. Èèyàn lè béèrè lọ́wọ́ Baosheng Dadi, òrìṣà ìṣègùn tó wà ní tẹ́ḿpìlì Bao'an ní Taipei, bóyá ọsibítù tí òun fẹ́ lọ yẹ òun. Kò yẹ kó béèrè bóyá kí òun lọ sí ọsibítù.

Dídà á

1. Ẹ mú jiaobei kan lórí tábìlì, méjì tó jọ ara wọn. Bí nọ́ńbà bá wà lára wọn, kí ó bára mu. Ẹ má mú ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

2. Ẹ lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dúró níwájú òrìṣà. Ẹ pa ojú méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀yìn wà níta, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì dì í mú.

3. Ẹ gbé e dé iwájú orí. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ sì gbé ìbéèrè kalẹ̀.

4. Ẹ gbé ọwọ́ wá sí àyà, kí ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí igi fúnra rẹ̀ bọ́. Ẹ má sọ ọ́ bí òkúta, ẹ má sì tẹ̀ lọ bá ilẹ̀ kí ẹ wá fi í lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí tó bá jìnnà sílẹ̀ jù á fò lọ sábẹ́ tábìlì. Èyí tó bá sún mọ́lẹ̀ jù kò ní ráyè yí, bí ẹ ṣe dì í mú náà ló máa sùn sí.

5. Ẹ jẹ́ kó dúró pátápátá kí ẹ tó kà á. Xiaojiao máa ń mì pẹ́.

Ilẹ̀ líle ni kí ó bọ́ sí, kì í ṣe tìmùtìmù tí ẹ kúnlẹ̀ lé. Bí ọ̀kan bá fara ti ògiri tàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ bẹ òrìṣà, ẹ tún un dà; kò kà. Àmọ́ bí ọ̀kan bá dúró lórí etí rẹ̀ láìfara ti nǹkan kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí ṣọ̀wọ́n gidi, wọ́n sì gbà pé òrìṣà fúnra rẹ̀ ló dúró níbẹ̀. Àwọn èèyàn á yọ fóònù, alábòójútó tẹ́ḿpìlì á sì wá wò ó.

Fún ọ̀rọ̀ kékeré, shengjiao kan tó. Fún ọ̀rọ̀ ńlá, mẹ́ta tẹ̀ léra. Bí àkọ́kọ́ àti ìkejì bá wá, tí ìkẹta sì di yinjiao, kò pé. Ẹ má sọ pé "méjì nínú mẹ́ta náà tó", bí ìgbà tí èèyàn ń dìbò. A kì í dìbò níbí.

Bí ẹ̀rín bá wá, ẹ béèrè ìdí ẹ̀rín: "Ṣé ìbéèrè mi ni kò yé?" Ẹ dà á. "Ṣé àkókò ni kò tíì tó?" Ẹ tún dà á. Ibi tí shengjiao bá ti wá ni ìdí wà, kí ẹ tún ìbéèrè ṣe láti ibẹ̀. Bí yinjiao bá wá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dìde. Ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ kan náà padà lọ́nà méje títí tí òrìṣà á fi gbà, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé eré àwọn arúgbó ni èyí. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní òṣùpá, àwọn aṣáájú tẹ́ḿpìlì Jenn Lann ní Dajia máa ń da jiaobei níwájú Mazu láti mọ ọjọ́ àti wákàtí tí Mazu fẹ́ jáde fún ìrìn àjò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án àti òru mẹ́jọ, tí èrò rẹpẹtẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń yan luzhu, olórí abọ́ tùràrí àdúgbò, náà nìyẹn: orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dà á fún, ẹni tí shengjiao rẹ̀ bá pọ̀ jù kó tó já ló gbé abọ́ náà lọ sílé fún ọdún kan.

Igi ìbò

Nígbà tí bẹ́ẹ̀ ni àti rárá kò bá tó, ẹ lọ síbi agolo gíga tí igi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì Mazu ní igi 60, tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ìyípo 60 inú kàlẹ́ńdà Ṣáínà. Àwọn mìíràn ní 100. Ẹni tó mọ Odù 256 á ní wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: igi mú yín dé ìdí ewì, ewì ló ní ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ da jiaobei láti béèrè bóyá òrìṣà fẹ́ fún yín ní igi lónìí. Shengjiao kan. Bí kò bá wá, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn tó bá fo ìpele yìí ló máa ń fa igi mẹ́wàá láìrí ọ̀kan tó bá wọn mu.

Bó bá gbà, ẹ fọwọ́ méjì gbé gbogbo igi náà sókè díẹ̀, ẹ yí wọn po, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó padà. Èyí tó bá yọ ga jù ni kí ẹ fà. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ tún da jiaobei: "Ṣé nọ́ńbà 27 yìí ni ẹ fún mi?" Mẹ́ta tẹ̀ léra níbi tó pọ̀, àwọn tẹ́ḿpìlì kan ní ọ̀kan tó. Bí kò bá pé, igi náà kì í ṣe tiyín. Ẹ dá a padà, ẹ fa òmíràn. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń fa igi kan, tí á sáré lọ mú ìwé rẹ̀. Ìwé ẹlòmíràn ló mú lọ sílé.

Ní tẹ́ḿpìlì Wong Tai Sin ní Hong Kong, agolo kékeré ni ẹ ó gbé lọ́wọ́, pẹ̀lú igi 100 nínú rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dà á ní ìdagẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n títí ẹyọ kan á fi bọ́. Bí méjì bá bọ́ pọ̀, ẹ kó wọn padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ̀n ọ́n tagbáratagbára, mẹ́fà ló máa bọ́.

Nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó fi ṣí dúrọ́ọ̀ tí ìwé wà. Ewì ìlà mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méje ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 28 lápapọ̀. Lábẹ́ ewì, wọ́n á to àwọn ohun tí èèyàn ń béèrè sí: ìgbéyàwó, oyún, ẹjọ́, òwò, ohun tó sọnù, ẹni tó rìnrìn àjò, àìsàn. Ẹ wo èyí tó jẹ́ tiyín, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀. Ìwé kan lè sọ pé òwò dára kó sì ní kí aláìsàn ṣọ́ra. Ewì náà máa ń tọ́ka sí ìtàn àtijọ́, bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń sọ ẹni tí wọ́n dífá fún. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà, tó bá kàn fi fóònù túmọ̀ rẹ̀, ìlà mẹ́rin nípa òṣùpá àti ọkọ̀ ojú omi ló máa rí. Ẹ mú un lọ bá alábòójútó tó ń túmọ̀, ó sábà máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ẹ béèrè ni kí ẹ sọ fún un ṣáájú.

Nínú agolo àwọn tẹ́ḿpìlì kan, igi kan wà tí kò ní ewì rárá. Ohun tó ní ni pé kí ẹni tó fà á san owó òróró àtùpà. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ san án.

Owó ìwé, owó gidi

Bí oúnjẹ bá wà lórí tábìlì, ẹ jẹ́ kí tùràrí jó kọjá ìdajì, kí ẹ fi jiaobei béèrè bóyá òrìṣà ti jẹun tán. Lẹ́yìn shengjiao ni ẹ ó sun owó ìwé. Èyí tó ní wúrà lára, ti òrìṣà ni. Èyí tó ní fàdákà, ti òkú àti iwin ni. Ẹ má fi fàdákà san òrìṣà lówó, ìwọ̀sí ni. Bí pátákó bá ní kí ẹ má sun ún, ẹ kó o sínú àpótí tí wọ́n gbé síbẹ̀.

Owó gidi náà wà. Ní tẹ́ḿpìlì Zinan, ní Zhushan, lábẹ́ Nantou, òrìṣà ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tudigong a máa yá èèyàn ní owó ìdókòwò, jiaobei ló sì ń sọ iye rẹ̀. Bí shengjiao bá wá ní ìdà àkọ́kọ́, dọ́là Táíwánì 600 ni. Bó bá di ìkejì kó tó wá, 500. Ìkẹta, 400, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ títí dé 100 ní ìkẹfà. Bí kò bá wá lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sí owó lónìí, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n á kọ orúkọ yín sílẹ̀, láàárín ọdún kan ni ẹ ó sì dá a padà pẹ̀lú èlé tó bá ti ọkàn yín wá. Má ná an tán, fi sínú owó òwò kí ó fa tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá: ohun tí àwọn oníṣòwò ń ṣe nìyẹn.

Ẹni tó ń wá ọkọ tàbí aya, ọ̀dọ̀ Yue Lao ni kó lọ, bàbá arúgbó tó ń so okùn pupa mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó máa fẹ́ra. Ó wà ní tẹ́ḿpìlì Xia-Hai ní Dadaocheng, Taipei. Ẹ sọ irú ẹni tí ẹ ń wá, kí ẹ sọ ọ́ kó yanjú, "ẹni tó dára" kò tó. Kí ẹ gba okùn pupa kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì.

Okùn náà, tàbí ońdè tí ẹ bá gbà nínú tẹ́ḿpìlì, ẹ gbé e kọjá lókè abọ́ tùràrí, kí ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta nínú èéfín, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Láìṣe èyí, okùn lásán ni. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ojú jiaobei méjèèjì pọ̀, ẹ dá a padà sórí tábìlì níbi tí ẹ ti mú un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà, ìbáà gbà, ìbáà kọ̀, kí ẹ sì gba ilẹ̀kùn ẹkùn jáde. Ẹ rántí pákó ẹnu ọ̀nà.